Kúbùsù Àdìrẹ

Ẹ̀yin ìyá ọ̀wọ́n ní Makoko, ẹ̀yin tí ilé yín wà lórí ọ̀sà, ọyẹ́ kò ṣàìmú àwọn ọmọ yín ní òru. Ẹ má ṣe ju àjákù àdìrẹ nù. Ẹ fi rán kúbùsù. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, nítorí aró tí ó kù lára rẹ̀ yóò ba aṣọ funfun jẹ́. Iyọ̀ kò lè dá a dúró. Ẹ sá a títí yóò fi gbẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ so àwọn àjákù pọ̀, kí ẹ tẹ́ òwú sí àárín wọn àti aṣọ ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ gígùn ń bẹ tí orí rẹ̀ ń rìn lórí aṣọ tí a nà. Ẹni tí kò ní in, kí ó fi abẹ́rẹ́ rán an láti àárín lọ sí etí, kí ó má baà hunjọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.