Ẹ Gba Ọdún Wọn, Ẹ Tún Ń Bèèrè Rìsíìtì

Láti oṣù kìíní ọdún 2023 tí àṣẹ OPTN, àjọ tó ń bójú tó pínpín ẹ̀yà ara fún àwọn aláìsàn ní Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pé kí wọ́n dá àkókò ìdúró tí wọ́n gbà padà fún àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń dúró de kíndìnrín níbẹ̀, ó lé ní 14,000 ènìyàn tó ti rí nǹkan gbà nígbà tó fi di oṣù kẹta ọdún 2024, nǹkan bí ọdún méjì lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìpíndọ́gba. Ó yẹ ká pàtẹ́wọ́, àbí? Ẹni tó ń jókòó ti ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló mọ iye ìgbà tí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ láàárín ọdún méjì yẹn.

Ibi tó ti ká wa lára jù nìyí: kò sí ìwé, kò sí ọdún. Kí wọ́n tó dá ohunkóhun padà, ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ mú èsì àyẹ̀wò àtijọ́ jáde tó fi hàn pé, ká ní wọn ò fi àwọ̀ kún ìṣirò tó ń díwọ̀n iṣẹ́ kíndìnrín (eGFR), nọ́ńbà aláìsàn náà ì bá ti wálẹ̀ dé 20, ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò ìdúró. Ẹ wo ọgbọ́n! Ẹni tí wọ́n sọ fún pé kíndìnrín rẹ̀ ṣì lágbára, pé kó máa lọ sílé, kí ni ì bá tún máa wá àyẹ̀wò kiri fún? Ọmọ Ìbàdàn tó ń wa takisí ní Houston láìní ìnṣọ́ránsì, níbo ni yóò ti rí èsì ẹ̀jẹ̀ ọdún 2012? Ní ilé ìwòsàn tó ti kógbá sílé ni, àbí lọ́dọ̀ dókítà tó ti fẹ̀yìn tì?

Nígbà tí wọ́n ń gba ọdún náà lọ́wọ́ àwọn aláìsàn, ta ló bèèrè ìwé? Máàkì kan péré síwájú “aláwọ̀ dúdú” lórí fọ́ọ̀mù ti tó. Ìṣirò ọdún 1999 fi 1.180 sọ nọ́ńbà aláwọ̀ dúdú di púpọ̀. Ti 2009 ṣojú àánú, ó dín in kù sí 1.159. Aláwọ̀ funfun tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 18 ti bọ́ sórí ìlà. Aláwọ̀ dúdú tí ọjọ́ orí àti ẹ̀jẹ̀ wọn dọ́gba, 18 tirẹ̀ di nǹkan bí 21, ilẹ̀kùn tì. Wọ́n ní iṣan ara wa ló pọ̀. Ta ló wọ̀n ọ́n? Ìyá àgbà tó ti rù kan egungun, lójú ìṣirò wọn, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ni. (Ẹni tí bàbá rẹ̀ dúdú, tí ìyá rẹ̀ funfun ńkọ́? Bóyá kíndìnrín ọ̀tún nìkan ni wọ́n ń bù kún.)

Ká má purọ́ mọ́ wọn: nínú ìwádìí tí wọ́n fi gbé ìṣirò náà kalẹ̀, creatinine, ìdọ̀tí tí iṣan ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ga lóòótọ́ lára àwọn aláwọ̀ dúdú. A gbọ́. Ìyẹn kò ní kó gba ọdún méjìlélógún kí ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kíndìnrín ní ọdún 2021 tó sọ pé kí wọ́n yọ àwọ̀ kúrò nínú ìṣirò.

Níbi tí ìwé bá ti sọnù, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń fojú díwọ̀n iṣan, kí wọ́n fojú díwọ̀n ọdún fún aláìsàn, kí wọ́n sì ṣe é kíá. Ẹbí àwọn tó kú kó tó kàn wọ́n náà tọ́ sí lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, ó kéré tán. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àdírẹ́sì wọn ṣòroó rí. Bílì ilé ìwòsàn kò ṣìnà dé ọ̀dọ̀ wọn rí.