Ọmọ Ọdún 27 Kì í Ṣe Arúgbó

Lọ́dọọdún, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń gba oníṣòwò àti ìjọba nímọ̀ràn ní Èkó a máa kéde pé àwọn ń wá ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Ọ̀pọ̀ nínú ìkéde náà ló jọra: kí ìwé ẹ̀rí olùwáṣẹ́ jẹ́ ti ipò kìn-ín-ní tàbí ipò kejì ti òkè, kí ó ti ṣe àgùnbánirọ̀, kí ó má sì ju ọmọ ọdún 26 lọ. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dẹ ìdánwò wọn. Ó le, ó sì yẹ kí ó le. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí aago ń sáré, tí olùwáṣẹ́ sì ń gbàdúrà kí iná má lọ kí òun tó parí. Ẹni tó bá yege a jókòó síwájú àwọn ọ̀gá, wọn a sì gbé ìṣòro kan kalẹ̀ fún un: oníbúrẹ́dì kan ń tà ju ti èṣí lọ, síbẹ̀ èrè rẹ̀ ń dínkù, kí ló fà á? Bí ó ṣe ń tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ ni wọ́n ń wò. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta búrẹ́dì lè dáhùn ìbéèrè yìí ju ọmọ ọ̀gá báńkì lọ. Ṣùgbọ́n kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó débẹ̀, fọ́ọ̀mù lè ti lé e padà níbi tó ti kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Bí ó bá sì ku díẹ̀ kí ó kọjá ààlà, wọn a bi í pé kí ló dé tó fi pẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé-ìwé.

Kí ló dé? Ẹ wo ọmọ tó wọ yunifásítì ìjọba ní 2017, ní ọmọ ọdún 19, láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà fún ọdún márùn-ún. Ó yẹ kí ó jáde ní 2022. Ìyanṣẹ́lódì ASUU gba nǹkan bí oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀ láti oṣù kọkànlá 2018. Ó gba mẹ́sàn-án ní 2020. Ó gba mẹ́jọ ní 2022. Oṣù 20 nìyẹn. Yóò jáde ní 2024, yóò fi ọdún kan ṣe àgùnbánirọ̀, ó di ẹni ọdún 27. Kò kùnà nínú ẹ̀kọ́ kankan. Akẹgbẹ́ rẹ̀ tí òbí rẹ̀ rówó yunifásítì aládàáni san kò bá ìyanṣẹ́lódì pàdé. Ẹni ọdún 25 ni lọ́jọ́ tó parí tirẹ̀. Àpò òbí ni wọ́n wọ̀n, wọ́n ní ọjọ́ orí ni.

Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2018 gba ẹni ọdún 25 láyè láti du ipò aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá. Ẹni tó tó ṣòfin fún gbogbo Nàìjíríà ní 25, báwo ló ṣe wá gbó jù láti kọ́ṣẹ́ ní 27?

Àwíjàre àwọn ilé-iṣẹ́ náà ni pé ọmọdé ló rọrùn láti tọ́, pé ẹni ọdún 28 kò ní fẹ́ gba àṣẹ lẹ́nu ọ̀gá ẹni ọdún 24. Ṣé àgbàlagbà kì í kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ télọ̀ tó kéré sí i ní Mushin ni? Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní ẹ̀ka tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí òfin ọdún 2010 kò ti gba agbanisíṣẹ́ láyè láti ta ènìyàn nù nítorí ọjọ́ orí láìsí ìdí gúnmọ́.

Èyí tó burú jù ni irọ́ tí gbólóhùn kan yìí ń bí. Ọ̀dọ́ tí ọdún kan dí lọ́nà a gba ilé-ẹjọ́ lọ, a búra pé wọn kò tíì bí òun lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ bí i. Bí ọ̀rẹ́ bá wá béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, a ní ṣé ti ilé ni àbí ti ìwé. (Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi rín in.) Ilé-iṣẹ́ tó ń ta ìmọ̀ràn òtítọ́ fún ẹlòmíràn ló sọ irọ́ di ẹnu-ọ̀nà tirẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni wọ́n ń wá lóòótọ́, ọdún tó jáde ni kí wọ́n béèrè. Kí wọ́n yọ ọjọ́ ìbí kúrò lórí fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, kí wọ́n sì fi ìbéèrè oníbúrẹ́dì yẹn yan ẹni tó mọ̀ ọ́n.