Ta ni àmì náà wà lọ́rùn rẹ̀ lónìí?

Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ wa dá lórí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò ṣọ̀wọ́n ní lycée: ẹni tí ó máa ń dá jókòó nígbà ìsinmi, tí ẹnikẹ́ni kì í pè sí eré, tí a kì í rántí àfi nígbà tí a bá fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé èmi fúnra mi ni nígbà kan rí. Lẹ́yìn BEPC, mo kúrò ní Kambolé lọ kàwé ní Sokodé, mo sì wọ̀ sí yàrá kan ní Kouloundè. Yorùbá ni èdè ilé wa. Ní ìgboro Sokodé, èdè Tem ni ó gbòde. Nínú kíláàsì, Faransé ni. Ní ọjọ́ tí olùkọ́ kọ́kọ́ ní kí n kàwé sókè, ohùn ilé wa hàn nínú Faransé mi, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Aṣọ kakí kan náà ni gbogbo wa wọ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, ó dà bí ẹni pé tèmi ní àbààwọ́n tí ọṣẹ kò lè fọ̀.

Kí ni mo ṣe? Mo kọ́ ohùn wọn, mo kọ́ ìrìn wọn, mo sì kọ́ bí a ti ń fi ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá mi wá kí mi ní ọjọ́ kan, ó sì fi orúkọ ilé pè mí ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Faransé ni mo fi dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ Faransé. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé àpò iṣu tí ó rù wá lé mi lọ́wọ́, ó sì lọ.

Àwọn àgbà yóò rántí ohun tí a ń pè ní « signal ». Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Togo àti ní Benin, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sọ èdè ilé rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi àmì kan kọ́ lọ́rùn, ìbáà ṣe igi, ìbáà ṣe egungun. Kí ó tó lè bọ́ ọ, ó ní láti ṣọ́ ẹlòmíràn tí yóò ṣèèṣì sọ èdè tirẹ̀, kí ó sì gbé e kọ́ onítọ̀hún lọ́rùn. Ngũgĩ wa Thiong'o, òǹkọ̀wé ará Kenya, sọ nínú ìwé kan tí ó gbé jáde ní 1986 pé irú rẹ̀ wà ní ilé ẹ̀kọ́ tiwọn náà. Nígbà tí a sì tún ètò ẹ̀kọ́ ṣe ní Togo ní 1975, èdè Ewe àti Kabiyè ni a yàn láti wọ inú kíláàsì. Yorùbá kò sí nínú wọn.

Ẹ wo ọgbọ́n burúkú tí ó wà nínú àmì yìí: ó sọ àwọn ọmọdé di ọlọ́pàá ara wọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni gbajúmọ̀ ṣe ń rí ní lycée. Ẹni tí wọ́n fi ṣẹ̀sín lánàá ni ó ń rẹ́rìn-ín jù lónìí, kí ẹ̀sín má baà padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní Kambolé níbí, bí ọmọ Fúlàní tàbí ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ti òkèèrè wá bá ṣi ọ̀rọ̀ Yorùbá pè, ta ni ó ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín? Àwa tí a ń ráhùn nípa Sokodé ni.

Ẹni tí ó gbà mí sílẹ̀ jẹ́ ọmọ Tem, ọ̀kan nínú àwọn tí gbogbo kíláàsì ń wojú wọn. Ó wá jókòó tì mí, ó ní kí n kọ́ òun bí a ti ń kíni láàárọ̀ ní èdè wa. Ní ọjọ́ kejì, ó kí mi bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Ó ṣi ohùn rẹ̀ pè, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín, nítorí pé òun ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn mìíràn ti ń kí mi bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ gbajúmọ̀, iṣẹ́ tí gbajúmọ̀ wà fún nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ dá jókòó, ẹ rántí pé ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn: bí kò fún un lẹ́sẹ̀, á ṣò ó. Ẹ kọ́ Faransé dáadáa, ẹ kọ́ Tem pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bí ìyá yín bá pè yín lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, ẹ fi èdè tí ó gbọ́ dá a lóhùn. Bí àmì náà bá sì dé ọrùn yín, ẹ má ṣe wá ọrùn ẹlòmíràn tí ẹ ó gbé e kọ́. Ẹ sọ ọ́ sílẹ̀.