Àgbàrá Òjò Kò Lóun Ò Nílé Wó: Èló Ni Àtúnṣe Ilé Tí Omi Bà Jẹ́ Ń Náni Gan-an?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ọdọọdún ni òwe yìí ń ṣẹ mọ́ wa lára nílẹ̀ Yorùbá. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, àjà ilé a yọ àmì ràbàtà, ẹsẹ̀ ògiri a máa rin, ọ̀dà a sì máa ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Nígbà tí oṣù Kejìlá bá dé, a ó pe akunlé, a ó ra ọ̀dà, ilé a sì tún dùn ún wò. Kí òjò tó rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún tuntun, àmì náà ti padà sí àyè rẹ̀. Ní tèmi, owó ọ̀dà yìí ló wọ́n jù nínú gbogbo owó tí onílé ń ná, nítorí kò ra nǹkan kan. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí àtúnṣe yóò ná an gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: níbo ni omi ti wá, báwo ló ti pẹ́ tó, kí ló sì fọwọ́ kàn?

Omi tó ń gba ojú ìṣó wọlé láti orí páànù lè má gbà ju ìṣó tuntun àti rọ́bà rẹ̀ lọ, bí a bá tètè rí i. Ti páìpù tó jò nínú ògiri ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí a ó fọ́ ògiri, a ó yọ táìsì, kí a tó rí ojú egbò. Kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré rẹ̀: páìpù tó ń kán tó ẹ̀kán kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò da nǹkan bí 20 lítà omi sínú ògiri láàárín ọjọ́ kan. Omi tó ń ti ilẹ̀ gun ògiri ló ṣòroó wò jù. Ibi tí bíríkìlà ti kọ̀ láti tẹ́ ọ̀rá sórí ìpìlẹ̀ kí ó tó to búlọ́ọ̀kù ló ti sábà máa ń wá. Owó ọ̀rá náà kéré púpọ̀ lọ́jọ́ tí a ń kọ́lé. Lẹ́yìn tí ilé bá ti dúró, iṣẹ́ ńlá ni láti dí ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè. Ní ti omi àgbàrá, tó ti kó ẹ̀gbin gọ́tà àti ṣáláńgá mọ́ra, tìmùtìmù àti bẹ́ẹ̀dì tó bá kàn kò ṣeé sá gbẹ mọ́, dídànù ni.

Ìbéèrè kejì ni ti àkókò. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, èbu lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù níbi tó tutù, àwọn tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí ikọ́ fée ló sì ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Bí omi bá pẹ́ nínú dẹ́kì, irin inú rẹ̀ a dípẹtà. Irin tó dípẹtà a máa wú, a sì máa fọ́ kọnkéré tó bò ó. Bí omi bá dúró ní íǹṣì kan péré lórí dẹ́kì yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, ìwọ̀n rẹ̀ ju 300 kílò lọ, ìyẹn ju àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà. Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ìbéèrè kẹta ló ń mú owó gòkè. Bí omi bá dé ibi wáyà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì, a gbọ́dọ̀ pa iná, kí oníṣẹ́ iná yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó tún tàn án. Ilẹ̀kùn plywood a wú, àjà P.O.P. a rọ̀, a sì já lulẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni owó tí àwọn èèyàn kì í kà: owó fífọ́ àti kíkó ẹ̀gbin, owó ibi tí ìdílé yóò sùn, àti ọ̀sẹ̀ tí a ó fi dúró kí ògiri gbẹ. Ọ̀dà tí a kùn sórí ògiri tútù kò ní pẹ́ ṣí. Nítorí náà, dídí orísun omi ló ṣáájú, gbígbẹ ló tẹ̀ lé e, rírẹ́ ògiri tẹ̀ lé ìyẹn, ọ̀dà ló kẹ́yìn. Akunlé tó bá fẹ́ ṣáájú gbogbo wọn ń tà ọ̀dà ni, kò tún ilé ṣe.

Ìdádúró pàápàá ní owó tirẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àpò sìmẹ́ńtì kan kọjá 10,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹni tó sún iṣẹ́ síwájú ní ọdún tó ṣáájú rí i pé owó tó wà lọ́wọ́ òun kò tó ṣe ìdajì iṣẹ́ náà mọ́.

Ta ni yóò wá sanwó? Ibí yìí ni ìjà onílé àti ayálégbé ti ń bẹ́. Onílé a ní ẹni tó ń gbénú ilé ni kó tún un ṣe. Ayálégbé a ní òun kò lè fi owó òun tún ilé onílé kọ́. Òfin Ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011, bí kò tilẹ̀ dé àwọn àdúgbò bí Ìkòyí àti Àpápá, là á yé wa: bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, onílé ni yóò máa tún ìta ilé àti àwọn ibi àjùmọ̀lò ṣe, òun náà ni yóò sì ra ìdójútòfò sórí ilé, ayálégbé ni yóò máa tọ́jú ibi tó ń gbé dáadáa. Òrùlé kì í ṣe inú yàrá. Onílé tó ń gba owó ilé lọ́dọọdún, tí kò sì gun òrùlé rẹ̀ wò rí, kò ṣe ẹ̀tọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ayálégbé tó rí omi tó ń kán, tó gbé garawa sábẹ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà láì sọ fún ẹnìkan, kò rí àwíjàre.

Síbẹ̀, ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ọ̀pọ̀ omi tó ń wọlé wa, gọ́tà tí a dí ló lé e wá. Àwọn ará Ìbàdàn kò ní gbàgbé omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tàbí ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tó gba ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Kò sí owó àtúnṣe tó lè gba ilé tí a kọ́ sójú ọ̀nà odò. Ìjọba tó fọwọ́ sí irú ilé bẹ́ẹ̀, tàbí tó dijú sí i, jẹ nínú gbèsè náà.

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Kí a tó sanwó fún oníṣẹ́ èyíkéyìí, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀: ibi tí omi ti wá, bí yóò ṣe dí i, iye ohun èlò lọ́tọ̀, owó iṣẹ́ lọ́tọ̀. Bí kò bá lè dáhùn èyí àkọ́kọ́, ẹ má fún un ní èyí tó kẹ́yìn. Kí a sì gun òrùlé wò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń jà sí oníṣẹ́. Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Onílé tó bá fẹ́ kọ̀ fún àgbàrá, kó tètè kọ̀.