Wàrà Ń Bẹ, A Ń Wá Wàràkàṣì

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, míìtì-páì tí à ń rà jẹ lọ́gbà yìí, ìyẹ̀fun lásán ni. Ẹran inú rẹ̀ kò tó ohun tí í há sí eyín. Mo ní kí á máa yan tiwa nílé. Àwọn kan ní kò lè dùn láìsí wàràkàṣì òyìnbó. Kí ni wàrà wá ṣe? Wàrà tí àwọn Fúlàní fi ewé bọmubọmu mú dì kì í yọ́ nínú iná, ta ni ó sì sọ pé dandan ni kí ó yọ́? Ẹ kàn fún un dáadáa, kí omi rẹ̀ má baà ba ìyẹ̀fun jẹ́, kí ẹ rún un mọ́ ẹran lílọ̀ tí ó ti jinná, àlùbọ́sà àti ata. Ẹni tí kò ní ófùn, ìkòkò irin tí a da iyanrìn sí nísàlẹ̀, tí a sì dé pa, yóò yan án.