Ṣíà Wo Ni Kí Á Rà?

Àwọn ará wa kan ń bi wá pé, bí ilé-iṣẹ́ kan bá ń mì, tí ṣíà rẹ̀ sì di ọ̀pọ̀, èwo ni kí àwọn fi owó kòkó rà: ṣíà gbogbogbò ni, tàbí ṣíà àkọ́san?

Lóòótọ́, oníṣíà àkọ́san a máa gba èrè kí oníṣíà gbogbogbò tó gbà. Bí ilé-iṣẹ́ bá sì wó, òun ni ó kàn lẹ́yìn àwọn tí ilé-iṣẹ́ náà jẹ ní gbèsè. Ṣùgbọ́n ẹ wo Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, ìjọba gba àkóso Fannie Mae àti Freddie Mac, tí ń ra gbèsè ilé lọ́wọ́ àwọn báńkì. Wọ́n dá èrè irú oníṣíà méjèèjì dúró, ìjọba sì gba ṣíà tirẹ̀ tí ó ṣíwájú ti gbogbo wọn. Ẹni iwájú di ẹni ẹ̀yìn! Èrè tí a kò san kò tilẹ̀ di gbèsè, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìwé ṣíà náà wí. Mélòó nínú wa ni ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí ó tó tẹ̀ka?

Síbẹ̀, nígbà tí ilé-ẹjọ́ dá àwọn oníṣíà láre ní ọdún 2023, pé kí wọ́n gba nǹkan bí 612 mílíọ̀nù dọ́là, àwọn oníṣíà àkọ́san ni ó ni èyí tí ó pọ̀ jùlọ níbẹ̀.

Bí rírà bá di dandan, àkọ́san ni àwa fara mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbogbogbò, nítorí pé ó lè fò sókè bí ilé-iṣẹ́ bá sọjí, kí ó fi owó tí ó lè pàdánù rà á. Owó ilé-ìwé ọmọ kò sí nínú ìyẹn.