Kí Wọ́n Má Lọ Sọ Pé Èmi Ni Mo Wí

Bí ọwọ́ bá tẹ àwọn oníṣẹ́ ibi ní abúlé kan, ọ̀rọ̀ tí ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀ ni pé, "Ó ti pẹ́ tí ara ti ń fu wá." Ta ni wọ́n wá sọ fún nígbà tí ara ń fu wọ́n? Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó wà lókèèrè á ní wọ́n mọ̀ sí i ni, tàbí pé wọ́n ti gbowó ìpanumọ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìtìjú ló ń dí ẹnu púpọ̀ nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi abúlé kan lágbègbè Ìjàyè ṣe àpẹẹrẹ. Obìnrin kan ń yan gàrí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Bọ́ọ̀sì kan tí kò ní nọ́ńbà ya sí ọ̀nà oko, ọ̀nà tó jẹ́ pé ọ̀kadà nìkan ló sábà ń gbà á. Lọ́jọ́ kẹta ó tún dé, ó tún wọlé lọ, ilẹ̀ ṣú kò jáde. Obìnrin yìí rí i. Ó wá ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: bóyá àwọn tó wá la gẹdú ni. Bóyá ẹnì kan nínú ẹbí ọkọ òun ló ta ilẹ̀ ní kọ̀rọ̀, tí kò fẹ́ kí àwọn yòókù gbọ́. Bí òun bá sì tọ baálẹ̀ lọ, tó wá jẹ́ pé àlejò baálẹ̀ gan-an ni ńkọ́? Wọ́n á ní ìyàwó lágbájá ló ń ṣọ́ ẹsẹ̀ onílé àti àlejò kiri. Ó ro bí àwọn obìnrin ilé yóò ṣe máa fojú bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí òun bá ń kọjá. Ló bá gbájú mọ́ agbada rẹ̀.

Ẹ ò rí i pé nínú gbogbo èyí tó rò, kò sí ìbọn, kò sí àdá níbẹ̀. Ẹnu aráyé ló ń bà á lẹ́rù. Ìbẹ̀rù yìí wà lára gbogbo wa, ó kàn ju ara wọn lọ ni. Ó lè le débi pé ẹlòmíràn ò ní lè dìde sọ̀rọ̀ láwùjọ, ọkàn rẹ̀ á máa lù kìkì, òógùn á bò ó. Irú ìyẹn ti di àìsàn tí àwọn dókítà ọpọlọ ń tọ́jú, ó sì lóògùn. Ṣùgbọ́n ti obìnrin onígàrí kì í ṣe àìsàn. Láti inú ẹ̀kọ́ ilé ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé olófòófó ò gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ. Wọ́n sọ fún un pé a kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ní ibi tí gbogbo èèyàn ti jọ ń pa ààlà oko, tí wọ́n jọ ń pọn omi odò kan, ẹ̀kọ́ yìí wúlò gan-an, òun ni kì í jẹ́ kí ilé tú. Àwọn tó sì ń rìn jù nínú igbó, àwọn ọmọ, àwọn obìnrin, àwọn Àgàtú tó ń gba iṣẹ́ oko ṣe, àwọn gan-an ni ẹnu wọn kéré jù níwájú àgbà.

Ohun kejì tún wà tó fara pẹ́ ìtìjú. Ní 1968, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí méjì ní Amẹ́ríkà, Bibb Latané àti John Darley, ní kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga wá jókòó sí yàrá kan láti kọ ìdáhùn sórí ìwé. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, wọ́n fẹ́ èéfín wọlé láti ojú ihò ara ògiri. Nínú àwọn 24 tó dá jókòó, 18 ló jáde lọ sọ. Nínú àwọn 10 tí wọ́n fi sáàárín èèyàn méjì tí wọ́n ti kọ́ láti máa kọ̀wé lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan, ẹnì kan ṣoṣo ló sọ. Àwọn mẹ́sàn-án yòókù ń wúkọ́, wọ́n ń nu ojú, wọ́n ń fọwọ́ lé èéfín, wọ́n sì ń kọ̀wé. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè, wọ́n ní àwọn rò pé ooru omi ni, tàbí ẹ̀rọ amúlétutù. Oníkálukú ń wojú ẹnìkejì, ó rí i pé ojú onítọ̀hún tutù, ó wá gbà pé kò sí ewu. Kò mọ̀ pé ojú tòun náà ni àwọn kan lè máa wò.

Báyìí gan-an ni abúlé ṣe máa ń dákẹ́. Ọlọ́kadà rí bọ́ọ̀sì, ọdẹ rí i, onígàrí rí i, kò sẹ́ni tó sọ. Wọ́n jọ kí ara wọn lọ́nà, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," ìkíni náà sì dùn létí débi pé kálukú gbà pé òun nìkan ni ọkàn òun kò balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Sóka kò jìnnà sí wa. Ní oṣù Kẹta, 2014, wọ́n já wọ ọgbà ahoro kan níbẹ̀ nínú Ìbàdàn, wọ́n bá àwọn èèyàn tó ti rù kan egungun, egungun òkú, aṣọ àti bàtà. Kì í ṣe inú igbó kìjikìji. Ìgboro ló yí i ká. Àwọn ọlọ́kadà ló tú u fó, nígbà tí wọ́n ń wá ẹni wọn tó sọnù. Mo gbà pé ohun tó mú kí ó ṣeé ṣe fún wọn ni pé wọ́n pọ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe, wọ́n sì ní ohun tí wọ́n ń wá. Kò sẹ́ni tó lè bi wọ́n pé kí ló kàn wọ́n.

Nígbà ogun, ìlú olódi máa ń yan alóre. Bó bá kígbe, tó wá jẹ́ pé àwọn oníṣòwò ló ń bọ̀, wọn kì í pè é ní olófòófó, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ohun tí ìpàdé abúlé lè ṣe lónìí náà nìyẹn: kí wọ́n yan obìnrin méjì, ọ̀dọ́ méjì, tí gbogbo ìlú mọ̀ pé àwọn la ń sọ fún, tí baálẹ̀ sì ti fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá rí nǹkan á ti mọ ibi tí yóò gbà. Kò ní máa dá wọ ààfin.

N ò ní tan yín jẹ, kì í ṣe gbogbo ìdákẹ́ ni ìtìjú fà. Ní oṣù Kẹfà, 2020, wọ́n pa obìnrin lemọ́lemọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ní Ìbàdàn níhìn-ín. Ọwọ́ tẹ afurasí kan ní oṣù Keje, ó sì sá kúrò ní àhámọ́ ọlọ́pàá ní oṣù Kẹjọ kí wọ́n tó tún un mú. Ẹni tó bá rántí èyí, tó sì ń bẹ̀rù pé ẹni tí òun fẹjọ́ rẹ̀ sùn lè padà wá, ìbẹ̀rù rẹ̀ ní ìdí. Ìpamọ́ orúkọ ni oògùn irú ìyẹn. Ìmọ̀ràn pé kó mọ́kàn le kò tó.

Ti ẹni tí ìtìjú ń bá jà yàtọ̀. Ó rò pé òun gbọ́dọ̀ mọ ìdí ọ̀rọ̀ kí òun tó lanu, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ojú rí nìkan la ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: ọkọ̀ wo, àwọ̀ wo, ọ̀nà wo, aago mélòó, ó ti tó ẹ̀ẹ̀mélòó. "Ajínigbé ni wọ́n" kì í ṣe ìròyìn. "Fúlàní kan wà nínú igbó" kì í ṣe ìròyìn rárá. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí èrò fìyà jẹ aláìṣẹ̀ tàbí wèrè tó ń rìn lọ lójú títì. "Bọ́ọ̀sì funfun kan, kò ní nọ́ńbà, ó wọ ọ̀nà oko lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kò sì jáde lálẹ́ àná": ìròyìn nìyẹn. Bó bá wá já sí pé àwọn onígẹdú ni, kò sẹ́ni tí obìnrin náà pa irọ́ mọ́.

Nọ́ńbà 112 wà káàkiri orílẹ̀-èdè, ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni 615, àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn náà sì wà nítòsí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹni tó gbọ́ bá béèrè ló máa ń pinnu bóyá ẹlòmíràn á tún wá. Bí ó bá ní, "Kí lo wá lọ ṣe níbẹ̀ ní àsìkò yẹn?" gbogbo abúlé ni yóò gbọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó jókòó sórí àga baálẹ̀ tàbí sídìí tábìlì tẹ́ṣàn ni kó kọ́kọ́ kọ́ láti sọ pé, "Ẹ ṣé. Ẹ jókòó. Ọ̀nà wo ló gbà?"